Ọpọ́n ìwẹ̀ tó bó tàbí tó lábàwọ́n: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe fúnra yín

Ẹni tó bá fẹ́ tún ọpọ́n ìwẹ̀ ṣe, ọ̀dà ló máa ń sáré lọ rà. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà kọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Omi tó sá pamọ́ sínú ibi tó bó ni, àti ọṣẹ tí wọn ò ṣan kúrò, àti sílíkónì àtijọ́, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń dí etí ọpọ́n, tí wọ́n kùn lé lórí. Mo ti rí ọpọ́n tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà kí oṣù tó parí, tí ẹni tó kùn ún sì ń ṣépè fún ẹni tó ta ọ̀dà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọpọ́n yín. Ẹ gbé òòfà kékeré sí i lára. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi tánganran bò ni. Bí kò bá lẹ̀, acrylic tàbí fiberglass ló máa jẹ́, ìyẹn ike lójú tiwa. Acetone tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà èékánná máa ń yọ́ ojú acrylic, ìyẹ̀fun ìfọkòkò tó ní yanrìn sì máa ń há a yánnayànna, nítorí náà ẹ má gbé méjèèjì dé ibẹ̀.

Bó bá jẹ́ àbàwọ́n lásán ni, ẹ má tíì ronú ọ̀dà. Ibi tí ìpẹtà ti sọ di pupa rúsúrúsú, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì ṣan án dáadáa, torí omi kíkan tó bá pẹ́ lára tánganran máa ń pa dídán rẹ̀. Bó bá ṣoríkunkun, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ lo oògùn ìpẹtà tó ní oxalic acid. Blíìṣì kì í ṣe oògùn ìpẹtà. Ńṣe ló máa ń jẹ́ kó túbọ̀ wọra. Ẹ má sì da blíìṣì pọ̀ mọ́ ọsàn, fínígà tàbí ásíìdì kankan láé. Gáàsì chlorine ló máa bá a jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹfun tí omi fi sílẹ̀ lẹ́nu ṣáwà ò le: ẹ da fínígà sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ orí ṣáwà kí àwọn ihò rẹ̀ rì, ó di àárọ̀. Ṣùgbọ́n fínígà máa ń jẹ òkúta mábìlì o. Bí sílíkónì etí ọpọ́n bá sì ti bu, tó dúdú wọnú, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì pa ara yín. Gígé ni ẹ máa gé e kúrò.

Ibi tó bó gan-an wá. Ẹ há gbogbo sílíkónì tó wà nítòsí kúrò, títí kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ò fẹ́ẹ́ rí. Ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ sílíkónì. Sílíkónì tuntun pàápàá kì í lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Bíléèdì ni mo máa ń lò lórí irin. Lórí ike, káàdì báńkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ti tó. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni sáńdípépà nọ́ńbà 400 tí ẹ rì sínú omi, títí irin á fi máa dán. Àmì pupa tó bá ṣẹ́ kù, abẹ́ ọ̀dà ni á ti máa jẹ irin lọ. Ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ há a, torí tánganran ọpọ́n àtijọ́ lè ní òjé nínú, omi ló ń mú eruku rẹ̀ dúró.

Ó ku gbígbẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba tiwọn jẹ́. Ojú á gbẹ, inú ò ní gbẹ. Omi máa ń wọ abẹ́ etí tánganran tó kù, bí ẹ bá sì ti dí i pa, kò rọ́nà jáde mọ́. Ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, á máa ti gbogbo ohun tí ẹ fi dí i sókè.

Nítorí náà, bí ẹnu ẹ̀rọ bá ń kán tó-tó-tó, ẹ so ọ̀rá mọ́ ọn kó gba omi náà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ilẹ̀ mọ́ bá a. Mi ò gba ti àwọn tó ní wákàtí méjì ti tó. Ẹ lè lo ẹ̀rọ ìgbẹrun lórí ooru kékeré, àmọ́ iná mànàmáná ni. Kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí omi bá wà. Kí ẹ tó dí ihò náà, ẹ fi ìka tẹ tíṣù funfun mọ́ inú rẹ̀, kí ẹ ka ení, èjì, títí dé ogún. Bó bá tutù tàbí tó gbé pupa jáde, ẹ padà sẹ́yìn. Bó bá gbẹ, ẹ fi spíríìtì nù ún, ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́, torí òróró wà lára ìka.

Dídí rẹ̀ ò le. Ẹ po epoxy, ìyẹn àtè alápá méjì tó máa ń le bí wọ́n bá pò ó pọ̀, èyí tó wà fún ọpọ́n ìwẹ̀, ẹ fi igi ìtayín tọ́ ọ sínú. Fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dáa ju nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Bó bá le, ẹ fi sáńdípépà 400 há a, lẹ́yìn náà 600. Funfun ò jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà ẹ kán ọ̀dà díẹ̀ sórí pépà, kó gbẹ, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n kí ẹ tó kùn ún. Wákàtí 24 ló kéré jù kí omi tó kàn án. Bí agolo bá sọ jù bẹ́ẹ̀, ti agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ọpọ́n ike ló sán, ẹ dúró lé e wò. Bó bá ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, epoxy kankan ò ní dúró àfi tí ẹ bá rí nǹkan fi gbé e lábẹ́.

Ẹni tó fẹ́ bó gbogbo ojú ọpọ́n kó tún un kùn, kó sá fún oògùn abọ́dà tó ní methylene chloride. Gáàsì rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú ọpọ́n tí òṣìṣẹ́ tẹ orí bọ̀ náà ló ń gbára jọ sí. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín ọdún 2000 sí 2011, ó pa èèyàn 13 lẹ́nu iṣẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀. Ìbòmú aṣọ kì í dá a dúró.

Sílíkónì tuntun ló gbẹ̀yìn, nígbà tí ọ̀dà bá ti le dáadáa. Ẹ lẹ téèpù sí òkè àti ìsàlẹ̀ àlàfo tó wà láàárín ọpọ́n àti ògiri, kí ẹ wá pọn omi kún ọpọ́n, láìjẹ́ kó ta sí àlàfo. Omi wúwo, á fa ọpọ́n sísàlẹ̀, àlàfo á sì là bó ṣe máa ń là nígbà tí èèyàn bá ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ sílíkónì sí i, ẹ fi ìka tó ní omi ọṣẹ díẹ̀ fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ṣí téèpù kí ojú rẹ̀ tó dì. Ẹ má jo omi yẹn dànù títí sílíkónì á fi gbẹ. Bí ẹ bá tètè jò ó, ọpọ́n á gbéra sókè, á sì sún sílíkónì tútù náà kúrò níbi tí ẹ fi í sí.