Kí ẹ tó ra kọ́ìlì tàbí nọ́sùlù fún Corolla tó ń gbọ̀n

Tí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún, tó wá ń gbọ̀n jìgìjìgì níbi tó dúró sí, tí iná check engine sì tàn, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ gbọ́ ni "ẹ lọ ra plọ́ọ̀gì," èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì. Tó bá di ọ̀la, wọ́n á ní kọ́ìlì, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ni. Tó bá di ọ̀túnla, nọ́sùlù, èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì. Owó á ti lọ, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Tíṣà físíìsì ni mí n'Íbàdàn, ọkọ̀ tí mo sì ń wà ni Toyota Corolla 2004, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó yọ owó. Ní ọjà Araromi ní Gate, tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin, tí wọ́n bá ti de kọ́ìlì mọ́ ọkọ̀, ẹni tó tà á kì í sábà gbà á padà mọ́.

Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE, lítà 1.8, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla 2003 sí 2008 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní ọkọ̀ míì lè tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, ìwọ̀n sípánà àti ibi tí nǹkan wà ló máa yàtọ̀.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò ò pọ̀. Ẹ wá skánà OBD2 kékeré (ẹ̀rọ tó ń ka kódù àìsàn láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú Bluetooth, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 mm, sọ́kẹ́ẹ̀tì plọ́ọ̀gì 16 mm pẹ̀lú ẹsitẹ́ńṣọ̀n rẹ̀, mítà tí àwọn rẹwáyà fi ń wọn iná, tọ́ọ̀ṣì, àti àkísà tó mọ́. Ẹ fa hándì-bíréèkì, ẹ gbé jíà sí P, ẹ fi òkúta di táyà. Ẹ má tan ẹ́ńjìnì nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, torí irú èéfín tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ènìyàn mọ́jú náà ló ń jáde níbẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà ní "on", ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ fáànù rédíétọ̀, ó lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 wá gbọ́dọ̀ ní ihò OBD2. Nínú Corolla yìí, abẹ́ dáṣíbọọ̀dù ló wà, lápá ibi tí awakọ̀ ń na ẹsẹ̀ sí. Ẹ ki skánà bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí "on" láì tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì kọ gbogbo kódù tó bá jáde sínú ìwé kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ẹni tó bá sáré pa kódù rẹ́ ti da ẹ̀rí nù. P0301 ń sọ pé sílíńdà kìíní, ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó, ò jó epo rẹ̀ dáadáa. P0302 ni ti ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé P0304. P0300 ní tiẹ̀ ń sọ pé wàhálà náà ò dúró sójú kan. Tí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀, tí ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnì, sílíńdà kìíní ni èyí tó wà lọ́wọ́ òsì yín, ní apá ibi tí bẹ́líìtì wà.

Tí iná check engine bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan. Epo tí kò jó ń wọ inú katalísíìtì, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jó, á sì gbóná débi pé inú rẹ̀ á yọ́.

Ká sọ pé P0301 ló jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó di ike orí ẹ́ńjìnì mú, ẹ ó rí kọ́ìlì mẹ́rin lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí plọ́ọ̀gì tiẹ̀. Ẹ tẹ etí ike tó so wáyà mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó fà á. Ike yẹn ti gbó, ó sì máa ń kán, nítorí náà ẹ má fi agídí fà á, ẹ má sì fa wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 tú bóòtù kan ṣoṣo tó di kọ́ìlì mú, ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fà á sókè tààrà. Ẹ wá gbé kọ́ìlì kìíní lọ sójú ìkejì, kẹ́ ẹ gbé ti ìkejì wá sójú kìíní. Ẹ má fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì kankan ní ìpele yìí. Nǹkan kan ṣoṣo la ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, torí tẹ́ ẹ bá yí méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ de gbogbo rẹ̀ padà, ẹ pa kódù rẹ́, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n títí tí iná yóò fi tàn padà.

Tí kódù tuntun bá jẹ́ P0302, kọ́ìlì ti gbé àìsàn rẹ̀ dání lọ. Òun ni kẹ́ ẹ rà, ẹyọ kan ṣoṣo, kì í ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí P0301 bá tún jáde, kọ́ìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lápò yín. Nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá fi plọ́ọ̀gì kìíní ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ìkẹta, kẹ́ ẹ tún ìdánwò kan náà ṣe.

Mo sọ pé kí ẹ́ńjìnì tutù nítorí orí ẹ́ńjìnì yìí, àlùmíníọ̀mù ni. Tẹ́ ẹ bá tú plọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, ẹ lè fa okùn ihò rẹ̀ já, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń dá plọ́ọ̀gì padà, ìka ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi máa yí ẹsitẹ́ńṣọ̀n náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gbé. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti jókòó tán ni ẹ ó tó fi sípánà mú un le níwọ̀nba.

Ẹ wo ẹnu plọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ yọ dáadáa, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tó rọra pọ́n ló dára. Tó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tó sì gbẹ, epo ń pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ń kéré jù. Tó bá tutù, tí òórùn epo sì wà lára rẹ̀, epo ń dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n iná kò ṣẹ́. Tó bá funfun gbẹrẹfu, epo ń kéré jù. Àlàfo ẹnu rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 1.1 mm. Tí ọ́ìlì bá kún inú kòtò tí plọ́ọ̀gì wà, gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (rọ́bà tó dí abẹ́ ọmọrí orí ẹ́ńjìnì) ló ti gbó. Ọ́ìlì yẹn ló ń ba rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì jẹ́. Kọ́ìlì tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀ tí ẹ ò bá kọ́kọ́ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì náà, ó sì dùn mí pé àwọn ènìyàn ń ra kọ́ìlì sínú ọ́ìlì léraléra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan tọ́ọ̀ṣì sínú kòtò yẹn.

Ọ́ìlì tó ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú sílíńdà tún yàtọ̀ sí èyí; kí nìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE? Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ṣáájú Corolla tiwa yìí, ni wọ́n mọ̀ jù fún un, nítorí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára pístìnnì wọn kéré, ó sì ń dí. Tí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde, ẹ máa yẹ ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Tí kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì bá yege, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ gbé ẹnu sukurudíráfà gígùn lé ara nọ́sùlù, kẹ́ ẹ gbé etí lé ìdí rẹ̀. Kó máa dún tàk-tàk-tàk bíi ti àwọn yòókù. Tí ọ̀kan bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà rẹ̀ wò. Tí gbogbo wọn bá ń dún, ó ku ká wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sún mọ́ra. Tí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, rín-ìn-gì ara pístìnnì ni. Tí kò bá gòkè, fáàfù tàbí top gasket (gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnì) ni. Iṣẹ́ mekáníìkì nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa bá a sọ.

Kódù P0171 yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé lọ́nà tí brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) ò mọ̀. Ẹ yẹ rọ́bà ńlá tó ti inú àpótí fílítà afẹ́fẹ́ wá wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, ó máa ń sán lábẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí manífóòlù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, náà máa ń gan nínú ẹ́ńjìnì yìí, pàápàá ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ tutù. Àwọn kan ń fọ́n kẹ́míkà sí i láti wá ibi tó ń jò. Kẹ́míkà yẹn máa ń gbaná, nítorí náà omi inú ike ìfọ́n aṣọ lílọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Ibi tẹ́ ẹ bá fọ́n omi sí tí sílò ẹ́ńjìnì sì yí padà ni ihò wà. Tí kò bá sí ihò, sẹ́ńsọ̀ MAF, tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, lára àpótí fílítà ló kàn: súkúrú méjì ló dì í mú, kẹ́míkà tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni kẹ́ ẹ fọ́n sí i, ẹ má fi àkísà tàbí ìka kan wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀.

Tí ọkọ̀ ò bá tan rárá, mítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé. Bátìrì tó sinmi mọ́jú yẹ kó ní 12.6 volt; bí ó bá ti ń lọ sí 12, kò sí iná nínú rẹ̀ mọ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀tẹ̀nétọ̀ ni kẹ́ ẹ bá wí. Tó bá ń yí tí kò mú, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin fetí sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn kì í jẹ́ kí pọ́ǹpù epo dún ní "on" lásán, àfi tí kíkì (mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì kó tó tan) bá ń yí i.

Lórí ọ̀rọ̀ gbígbóná, àwọn mekáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ tamositáàtì (fáàfù tó ń dí omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó) dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ òyìnbó ló wà fún. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Tí kò bá sí i, ẹ́ńjìnì á tutù jù lójú ọ̀nà márosẹ̀, brain box á máa tú epo sí i, kódù P0128, tó ń sọ pé ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó, á sì yọjú. Láti dán tamositáàtì wò, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú tẹmómítà: bí omi bá ti ń kọjá 80 sí 84°C, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Tí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú gósílò nìkan, ẹ tan éésì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí. Tí kò bá yí, ẹ wo fíùsì àti rilé kẹ́ ẹ tó bá mọ́tò rẹ̀ wí. Tó bá jẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló ti ń gbóná, rédíétọ̀ ti dí tàbí omi ti lọ sílẹ̀. Kúláǹtì ni kẹ́ ẹ máa dà sí i. Omi ẹ̀rọ ló ń di ìpata inú rẹ̀.

Ẹ má ṣí ọmọrí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Tó bá tutù tán, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ sì ṣí ọmọrí ọ́ìlì náà. Tí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì lábẹ́ ọmọrí, tí omi rédíétọ̀ sì ń hó yọ́yọ́ ní kété tí ẹ tan ẹ́ńjìnì, top gasket ti lọ. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ pe ẹni tó máa wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì, kí ẹ sì sọ fún un pé kó wọn bí orí ẹ́ńjìnì náà ṣe tẹ́jú sí kó tó de gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé e.