Òjò Abẹ́òkúta: kí ló dé tí pH rẹ̀ fi ga tó báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí l'Ábẹ́òkúta. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń wọn pH omi òjò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe kan tó hàn (bó bá ṣe kéré sí i ni omi ṣe ń kan sí i), ká lè fi wé ti àwọn ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ mìíràn. A gbé garawa sábẹ́ páànù. Òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí fún wa ní 7.3. Ṣé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ wo páànù yẹn. Òjò tó mọ́ pàápàá máa ń kan díẹ̀, nítorí carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ tó ń yòrò sínú rẹ̀. Nǹkan bíi 5.6 ni pH rẹ̀. Tó bá ti ju 7 lọ, nǹkan kan ti pa kíkan rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti kó jọ sórí òrùlé látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀ sì ni eruku òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, máa ń pa ásíìdì. Òjò àkọ́kọ́ ló ń fọ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀.

Ike ni kí ẹ lò, kí ẹ gbé e ka orí òpó ní gbangba, jìnnà sí igi àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ dé e títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Omi dísítììlì ni kí ẹ fi ṣan án, kì í ṣe ọṣẹ. (Ẹ lè rí i rà níbi tí wọ́n ti ń ta omi bátìrì, àmọ́ ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n gbé fún yín!)

Ìbéèrè: Nọ́ńbà ẹ̀rọ náà kì í dúró sójú kan.

Ìdáhùn: Iyọ̀ inú omi òjò kéré gan-an, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ kó tó balẹ̀. Ẹ fi omi ìdánwò tí a ti mọ pH rẹ̀ dájú, ti 4 àti ti 7, tún un ṣe kẹ́ ẹ tó lò ó, kí ẹ sì ní sùúrù.

Ìbéèrè: Ọjọ́ kan fún wa ní 4, òmíràn 6. Ṣé 5 ni ìpíndọ́gba?

Ìdáhùn: Rárá o. Ásíìdì inú òjò 4 jẹ́ ìlọ́po 100 ti òjò 6. Ẹ yí pH padà sí iye ásíìdì kẹ́ ẹ tó pín in. Bí òjò méjèèjì bá pọ̀ bákan náà, 4.3 ló máa jẹ́. Bí wọn ò bá dọ́gba, èyí tó pọ̀ jù ló máa wúwo jù nínú ìṣirò. Nítorí náà, ẹ máa kọ iye mìlímítà òjò sílẹ̀ lójoojúmọ́.