Ẹ yéé wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sọ́gbà lójoojúmọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà òdòdó tàbí oko ẹ̀fọ́ kékeré, lásìkò ooru yìí, ẹ jáwọ́ nínú wíwọ́n omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n kí ẹ bomi rin ín dáadáa, ìdí ohun ọ̀gbìn ni kí omi máa lọ, kì í ṣe orí ewé. Omi tí kò kọjá òkè ilẹ̀, oòrùn ni yóò fà á gbẹ, gbòǹgbò á sì jókòó sókè níbi tí ooru ti ń jó o. Tí omi bá wọlẹ̀ jinlẹ̀, gbòǹgbò á tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. Àárọ̀ kùtù ló dáa jù. Lẹ́yìn náà, ẹ da koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ohun ọ̀gbìn gan-an, kó má bàa jẹrà. Kí ẹ tó tún bomi rin ín, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì: tó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bí òkè ilẹ̀ tiẹ̀ gbẹ táútáú. Ewé tòmátò tó rọ lọ́sàn-án gangan kò ní kẹ́ ẹ sáré gbé omi o. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó sábà máa ń nàró padà. Àwọn tí èyí ò bá mu ni òdòdó inú ìkòkò àti irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù: ìwọ̀nyẹn ń fẹ́ omi lójoojúmọ́, nígbà míì lẹ́ẹ̀mejì.