Bí Mo Ṣe Dẹ Okùn Ìwọ̀ fún Àrọ̀ ní Adágún Dáàmù Asà

Ẹni tó bá fẹ́ pẹja nínú omi tí wọ́n sé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé omi náà kì í ṣe odò mọ́. Odò Asà ń ti gúúsù bọ̀, ó gba àárín Ìlọrin kọjá, ó sì ń lọ sí ìhà Odò Ọya; ṣùgbọ́n níbi tí dáàmù ti dí i lọ́nà kí ará ìlú lè rí omi lò, ó ti tẹ́ rẹrẹ lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣàn tí apẹja lè fi mọ ibi tí ẹja yóò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi ka yíyan ibi sí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú dídẹ okùn ìwọ̀, ìyẹn okùn gígùn tí a so ìwọ̀ púpọ̀ mọ́, tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Bó ti wù kí ìwọ̀ mú tó, bí a bá sọ ọ́ sí ibi tí ẹja kò sí, irin lásán ni.

Mo dúró títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ìlú ti ń lo omi náà ni oòrùn ń fà á, etí rẹ̀ a sún sẹ́yìn, koríko a sì hù sórí ilẹ̀ tó fi sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá wá dé, tí omi sì kún padà, yóò bo koríko náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kòkòrò àti ekòló tó wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àrọ̀ ń wá jẹun lóru, ibẹ̀ náà ló sì ń yé ẹyin sí. Nítorí náà, mi ò sún mọ́ ògiri dáàmù rárá, níbi tí omi ti jìn jù, tí afẹ́fẹ́ kì í sì í tó ẹja ní ìsàlẹ̀ nígbà ooru. Apá òkè ni mo lọ, níbi tí odò ti ń wọ inú adágún.

Kí n tó ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo lọ kí bàbá tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn apẹja ibẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ dẹ okùn ìwọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kò ní dí àwọ̀n yín lọ́wọ́?” Wọ́n fi ọwọ́ júwe, wọ́n ní, “Ọmọ mi, má dé ìdí àwọn kùkùté ọ̀hún, wọ́n á gba okùn lọ́wọ́ ẹ. Etí koríko yìí ni kí o tẹ̀ lé.” Àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n sé odò ni wọ́n ń wí. Ẹja fẹ́ràn ìdí wọn, ṣùgbọ́n àfi ẹni tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Okùn ọ̀rá tó nípọn ni mo fi ṣe ìyá okùn. Mo so àwọn ẹ̀ka kéékèèké mọ́ ọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́ lọ, mo sì fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn kí ẹja tó bá há má baà lọ́ mọ́ èkejì. Ní ti síso ìwọ̀, mo ki ẹnu okùn bọ ojú ìwọ̀, mo yí i po mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo dá ẹnu náà padà sínú ihò kékeré tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwọ̀, mo fi itọ́ rin ín, mo wá rọra fà á títí tó fi fún. Kí ẹnikẹ́ni má fojú di itọ́ yẹn: ọ̀rá tí a bá fà ní gbígbẹ máa ń gbóná, ibi tó ti gbóná náà ni yóò sì ti já bí àrọ̀ ńlá bá jà.

Àwọn kan máa ń gé ọṣẹ ìfọṣọ sí wẹ́wẹ́ fi ṣe ìdẹ, ó sì ń pa àrọ̀ lóòótọ́. Ekòló ni èmi yàn, èyí tí mo wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ilẹ̀ tutù. Irùngbọ̀n mẹ́jọ tó wà lẹ́nu àrọ̀ ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò nínú òkùnkùn, nítorí náà ohun tó ń rùn, tó sì ń mira, ni yóò tètè rí. Mo fi ìwọ̀ gún ekòló lójú mẹ́ta, mo sì jẹ́ kí ìrù rẹ̀ máa jà sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí ọmọ bàbá náà fi ọkọ̀ onígi tù mí lọ. Mo gún èèkàn kan mọ́lẹ̀, mo so ìyá okùn mọ́ ọn, a sì ń tú u lọ lẹ́bàá koríko títí a fi dé èèkàn kejì. Mo so òkúta mọ́ ọn níhìn-ín lọ́hùn-ún kí ìwọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀, mo sì fi kẹ́ẹ̀gì òfìfo sàmì sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ mìíràn má baà kọ lù ú.

Ìdájí la padà lọ, nítorí ẹja tó bá kú sórí ìwọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́ bí oòrùn bá yọ. Ìka méjì ni mo fi gbé ìyá okùn. Epìà a máa gbọ̀n lára okùn bí ẹni tí òtútù ń mú, ṣùgbọ́n àrọ̀ á fà á lẹ́ẹ̀kan gan-an, á sinmi, á tún fà á. Àrọ̀ ló pọ̀ jù lára ohun tí a rí. Obòkún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni a sì ti ń dì í mú, nítorí ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ìhà rẹ̀ méjèèjì ń dá egbò sí ni lọ́wọ́. Òjìjí kan náà há. A kì í fi ọwọ́ kan òjìjí, nítorí iná mànàmáná inú rẹ̀ lè tó fóòtì 350. Mo gé ẹ̀ka okùn rẹ̀, mo jẹ́ kó lọ. Àwọn abo àrọ̀ tí ikùn wọn kún fún ẹyin àti àwọn tó ṣì kéré, mo dá wọn padà sómi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ní àwọn omi kan nílẹ̀ wa, Gamalin, oògùn kòkòrò oko kòkó, ni àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja. Àtọmọdé àtàgbà ẹja ló ń kú, àwọn ènìyàn á jẹ ẹ́, wọ́n á sì tún mu omi náà. Mi ò lè pe irú ìyẹn ní iṣẹ́ apẹja.

Nígbà tí mo délé, mo fi eérú fọ àwọn àrọ̀ náà kí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara wọn lè kúrò, mo tú ikùn wọn, mo fi omi iyọ̀ ṣàn wọ́n, mo sì ká ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ìrù mọ́ ẹnu. Orí àtẹ wáyà ni mo tò wọ́n sí, lórí iná igi àyìn tí mo jẹ́ kó máa rú èéfín ju kó máa jó lọ, mo sì ń yí wọn padà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ tí mo tẹ́ bébà sí ni mo kó wọn sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, nítorí ẹja yíyan tí a bá dì sínú ọ̀rá kì í pẹ́ bu.