Ẹ má ka ìwé láti ojú ewé kìíní bí ẹ bá ń tún ìdánwò àṣejáde ṣe
Kẹ́ ẹ tó ṣe tàímùtébù kankan, ẹ kọ́kọ́ jókòó ṣe ìbéèrè ọdún tó kọjá kan lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa ìwé dé, ẹ wo aago, kẹ́ ẹ wá máàkì ara yín láìṣègbè. Àkòrí tí máàkì ti bọ́ lọ́wọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ fún ní wákàtí tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń tún ìdánwò ṣe ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, ohun tó ti mọ̀ ni yóò jẹ àsìkò rẹ̀, kò sì ní í tètè fura, torí kíka ohun téèyàn mọ̀ máa ń dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ṣe ìbéèrè mìíràn, kẹ́ ẹ tún wákàtí náà pín. Àmọ́ bí sílábọ́ọ̀sì bá ti yí padà, ìbéèrè àtijọ́ lè ṣì yín lọ́nà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wá sílábọ́ọ̀sì ọdún tẹ́ ẹ máa ṣe ìdánwò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè béèrè ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Bí ẹ̀kọ́ yín bá ní iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é báyìí, torí ẹni tó ti kúrò nílé-ìwé kì í tètè rí i.