Ẹ má ṣe torí àtúnṣe kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì ìbò

Bí ìyàtọ̀ ìbò bá ti kéré nínú ìdìbò Amẹ́ríkà, kì í ṣaláì sí ẹni tí yóò sọ pé: "Kí ìgbìmọ̀ tó yẹ kó fọwọ́ sí èsì má fọwọ́ sí i! Bí gbogbo nǹkan bá dúró gbagidi, tipátipá ni wọ́n á fi tún òfin ìbò ṣe." Àwọn kan ti dán an wò.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣì ni pé wọ́n rò pé ẹni tó fọwọ́ sí èsì ti gbà pé kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Rárá o. Iṣẹ́ akọ̀wé ni. Ṣé iye tí wọ́n kà bá iye tó wà nínú ìwé mu? Ó bá a mu, fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn, kóòtù wà, àtúnkà wà. Ní June 2022, ìgbìmọ̀ Káúńtì Otero (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀) ní ìpínlẹ̀ New Mexico kọ̀ láti fọwọ́ sí èsì ìdìbò abẹ́nú nítorí wọn ò fọkàn tán ẹ̀rọ ìdìbò ilé iṣẹ́ Dominion. Kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ wọn. Méjì gbà, ẹnì kẹta, Couy Griffin, fi àáké kọ́rí: ó ní òun ò ní ẹ̀rí, inú òun ló ń sọ fún òun. Inú ẹnì kan ṣoṣo, lórí ìbò gbogbo káúńtì!

Ti Káúńtì Cochise ní ìpínlẹ̀ Arizona ló yà mí lẹ́nu jù. 28 November 2022 ni gbèdéke. Tom Crosby àti Peggy Judd, ọmọ ìgbìmọ̀ káúńtì náà, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, ní àwọn ò tíì ṣetán, àfi kí àwọn gbọ́ àlàyé sí i lórí ìwé àṣẹ àwọn ẹ̀rọ ìdìbò. Ìbò tó lé ní 47,000 ló wà níwájú wọn. Ìbò ta ni? Àwọn Republican ló pọ̀ jù ní káúńtì náà! Bí ìpínlẹ̀ bá ka tirẹ̀ láìsí Cochise, Juan Ciscomani, ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ì bá má wọlé sí Ilé Aṣojú. Ní 1 December, adájọ́ pàṣẹ. Lọ́jọ́ náà gan-an Judd fọwọ́ sí i pẹ̀lú Democrat kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀, Crosby ò yọjú. Ẹjọ́ ọ̀daràn dé bá àwọn méjèèjì ní 2023. Ọdún kejì, Judd gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kékeré kan.

Ẹ má sì fi ti 2005 wé e. Lóòótọ́, nígbà tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà ń ka ìbò ààrẹ lọ́dún náà, Aṣojú Stephanie Tubbs Jones àti Sẹ́nétọ̀ Barbara Boxer tako ìbò ìpínlẹ̀ Ohio, torí àwọn tó tò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó dìbò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ síta pé àwọn ò fẹ́ yí èsì padà, òfin ló sì fún wọn láyè láti sọ̀rọ̀. Sẹ́nétọ̀ 74 dìbò takò wọ́n, Boxer nìkan ló dúró síbi tó wà.

Àtúnṣe kúkú dé, àmọ́ kì í ṣe èyí tí àwọn aṣàìfọwọ́sí ń wá. Ní 2022, àwọn olùdìbò Michigan kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ wọn pé dandan ni ìfọwọ́sí, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni. Ọdún yẹn kan náà ni Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà dín àyè tí Boxer lò kù: aṣojú kan àti sẹ́nétọ̀ kan ló ń tó tẹ́lẹ̀ láti gbé àtakò dìde, ní báyìí, ìdá márùn-ún ilé kọ̀ọ̀kan ni.