Èéfín dúdú jẹnẹrétọ̀ Ìkòròdú, àti ọkọ̀ ojú irin orí òkè

Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín fún àwọn ẹlẹ́ja ní Èbúté, ní Ìkòròdú, ló pè mí. Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńlá ni wọ́n ní, onítọ́bò, ìyẹn fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí wọn ò bá tíì gbé ẹrù lé e, kò sí wàhálà. Àmọ́ wọ́n á tan kọ̀ńpírésọ̀ báyìí, ohùn ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, èéfín á sì dúdú kirikiri. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí n pààrọ̀ nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo ibi tó ti ń mí.”

Eruku ti dí fíltà afẹ́fẹ́ pa, mo fi tuntun sí i. Mo wá tẹ̀lé rọ́bà tó jáde lára tọ́bò. Nígbà tí mo fọwọ́ pa abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì kàn mí lọ́wọ́: ó ti ya lábẹ́ kílíìpù. Bí tọ́bò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ojú yíya yẹn á là, afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ lọ, dísẹ́ẹ̀lì ò ní jó tán, èéfín á sì dúdú. Mo fi ìka yí fáànù tọ́bò, kò gbo ara ilé rẹ̀ rárá. Yàtọ̀ sí fíltà, rọ́bà nìkan ni mo pààrọ̀. A gbé ẹrù lé e, èéfín mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi wá béèrè pé, “Ọ̀gá, níbi tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ò pọ̀ ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ojú irin Golmud sí Lhasa ní Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2006, gba orí òkè Tanggula kọjá, níbi tó ga tó mítà 5,072. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tiwa létí ọ̀sà níbí. Jẹnẹrétọ̀ lórí táyà irin ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fa rélùwéè ibẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀: ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń yí alternator tó ń ṣe iná, iná rẹ̀ ń lọ bá mọ́tọ̀ tó ń yí táyà. Ilé-iṣẹ́ General Electric (GE) ló ṣe ọkọ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní NJ2, fún ọ̀nà yẹn ní Amẹ́ríkà, tọ́bò ló sì ń kó afẹ́fẹ́ jọ fún un.

Àmọ́ tọ́bò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nínú afẹ́fẹ́ fífúyẹ́, ó lè sáré kọjá ààlà, nítorí náà wọ́n ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù bí òkè bá ṣe ga tó, wọ́n sì ń so ju ọkọ̀ kan lọ pọ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn kì í tu mọ́tọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ náà, ohun tó jẹ́ kí n gbóríyìn fún àwọn tó ṣe é nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ti ra rọ́bà kejì pa mọ́. Mo ní kí wọ́n máa fọwọ́ pa abẹ́ kílíìpù nígbàkigbà tí wọ́n bá ń yí ọ́ìlì.